Kíkọ́ Ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Òkèèrè Láìgbowó: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tó Wà

Ẹni tó bá fẹ́ lọ fi àkókò rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ òkèèrè, láìgba owó oṣù, yóò rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó fún kí ó tó lè lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà, ìkànnì tó ń so àlejò pọ̀ mọ́ ẹni tó ní ibùsùn àti oúnjẹ wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tí a lè kọ̀wé sí láìsí alárinà náà wà. Gbogbo wọn ló ń fi àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín polówó ara wọn, èyí ló sì mú kí ó ṣòro fún ẹni tó ń wá ọ̀nà láti mọ èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ inú àwòrán yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí: kí ni yóò kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá di ẹrù yín tí ẹ sì padà sílé?

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkókò ni mo fi ṣáájú, mo sì ní ìdí. Nígbà kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 6 níbi tí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń kọ́ wọn ní orúkọ àwọn àwọ̀. Ó gbé aṣọ pupa sókè, kò tíì la ẹnu tí gbogbo kíláàsì fi ké “red!” Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sínú àpò láti mú èyí tó kàn, wọ́n ti ń pariwo “blue!” Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé orí àwọn ọmọ náà pé. Olùkọ́ wọn tó jókòó tì mí ló rọra sọ fún mi pé ẹni kẹrin nìyẹn láàárín ọdún kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀, àti pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró títí di ìgbà tí àwọn ọmọ fi lè sọ odindi gbólóhùn kan pé ife pupa wà lórí tábìlì.

Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè kò jọ ti àgbà. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 kì í kọ́ òfin gírámà. Eré, orin, ìṣesí ara àti àsọtúnsọ ló fi ń gbọ́ èdè. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ọmọdé ló ń lo ọ̀nà tí James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé jáde láàárín ọdún 1960 sí 1970: olùkọ́ á ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fọwọ́ kan imú, ọmọ á sì fi ara dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Ọmọ mìíràn lè fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbọ́ láìsọ nǹkan kan, kì í sì í ṣe pé kò lóye. Ó ń kó o jọ ni. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ 2 péré yóò ti kúrò kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó la ẹnu. Nítorí náà, ní tèmi, ẹni tí kò lè lo tó oṣù 3 kò yẹ kí ó dá gba kíláàsì. Ó sàn kí ó ṣe igbákejì fún olùkọ́ tó wà níbẹ̀.

Owó ni òṣùwọ̀n kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí wọ́n kọ síwájú ìkànnì nìkan. Ẹ ro owó ọkọ̀ òfuurufú, físà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, adójútòfò ìlera, ilé àti oúnjẹ, kí ẹ sì fi owó tí kò ní wọlé fún yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà lọ́hùn-ún kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè ibi tí èyí tí ẹ san ń lọ.

Ìkẹta ni ààbò ọmọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Àjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, yóò wádìí yín lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ yín, yóò sì fi òfin lélẹ̀ lórí yíya fọ́tò ọmọ àti lórí dídá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Bí wọ́n bá gbà yín láàárín ọjọ́ kan láìbéèrè ohunkóhun, ẹ rántí pé bí wọ́n ṣe gbà yín yẹn náà ni wọ́n ṣe ń gba gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn.

Òfin ìlú tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, físà ìgbafẹ́ kò fún ènìyàn láṣẹ iṣẹ́, pé ènìyàn kò gbowó kò sì yí èyí padà. Ní Tàìláńdì, fún àpẹẹrẹ, òfin ń béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àjèjì kódà bí iṣẹ́ náà kò bá la owó lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó kàn sọ ní pápákọ̀ òfuurufú pé ìgbafẹ́ ni òun bá wá ti rí àmì tó tó fún un láti yàgò.

Òṣùwọ̀n tó kẹ́yìn kì í sí nínú ìpolówó: ipò olùkọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ń ràn án lọ́wọ́ ni, tàbí ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Láti 1953 ni UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti gbé ìwé jáde tó sọ gbangba pé èdè abínibí ọmọ ló dára jù láti fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ìbílẹ̀ ló ní èdè yẹn, òun ló lè ṣàlàyé fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dàrú mọ́ lójú. Ètò tó bá lé e sẹ́yìn kíláàsì kí àlejò lè gba ipò rẹ̀ ti mú ohun tó ṣe iyebíye jù kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Àwọn àjọ tó ń gbé ìnáwó

Peace Corps ti Amẹ́ríkà ló lókìkí jù nínú ìwọ̀nyí. Ààrẹ John F. Kennedy dá a sílẹ̀ ní 1961, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló sì ń gbà, láti ọmọ ọdún 18 sókè. Nǹkan bí oṣù 3 ni wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ní èdè àti àṣà ibi tó ń lọ, ọdún 2 ti iṣẹ́ ló sì tẹ̀ lé e. Àjọ náà ló ń san owó ọkọ̀, ìtọ́jú ìlera, àti owó ìgbọ́bùkátà tó bá bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé mu. Bí a bá fi ojú ọmọ wò ó, n kò rí èyí tó ju èyí lọ: láàárín ọdún 2, olùyọ̀ǹda-ara-ẹni yóò mọ ọmọ tí kì í jẹun kí ó tó wá sílé ẹ̀kọ́, yóò mọ èyí tí kì í rí pátákó dáadáa láti ìjókòó ẹ̀yìn, yóò sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá ẹ̀kọ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó lè dẹ́rù ba ènìyàn ni pé ọdún 2 kì í ṣe eré, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mú ènìyàn, ó sì lè jẹ́ abúlé tó jìnnà ni wọ́n yóò rán yín lọ, tàbí kíláàsì àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ dípò àwọn kéékèèké tí ọkàn yín fẹ́.

VSO (Voluntary Service Overseas), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, ti yàtọ̀ sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán lọ. Lónìí, ẹni tó ti ní ìrírí nínú iṣẹ́ ló ń wá, kì í sì í ṣe láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Olùkọ́ tó bá gba ọ̀nà yìí lè má dúró níwájú ọmọdé púpọ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ ìbílẹ̀ ni yóò máa bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí èyí kò wù ń pàdánù, nítorí pé olùkọ́ kan tí ẹ ràn lọ́wọ́ dáadáa yóò kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ kò ní fojú rí láé.

Fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 30 tó ń gbé ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó bá a dòwò pọ̀, European Solidarity Corps wà. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gba oṣù 2 sí 12, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ sì máa ń pèsè ilé, oúnjẹ, adójútòfò àti owó àpò díẹ̀. Òfin rẹ̀ sọ pé olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kò gbọ́dọ̀ dípò òṣìṣẹ́ tó ń gbowó, èyí tó mú inú mi dùn. Nítorí náà, ẹ má retí pé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ tiyín. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ẹ ó ti máa bá wọn ṣeré, kọrin, ka ìtàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ wọn, ni ó ṣeé ṣe kí ẹ rí.

Ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó fún

Ibí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá ọ̀nà máa ń bá ara wọn, nítorí pé ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń yọ lórí Google. Projects Abroad bẹ̀rẹ̀ ní 1992, IVHQ ti ilẹ̀ New Zealand sì bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Irú wọn pọ̀, ńlá àti kékeré. Owó ètò, ìyẹn owó tí ẹ ó san fún ilé-iṣẹ́ náà, ló máa ń gbé ìnáwó ẹni tí yóò pàdé yín ní pápákọ̀, ilé tí ẹ ó sùn, oúnjẹ, ìlàlóye ọjọ́ àkọ́kọ́, àti ẹni tí ẹ lè pè lóru bí ara yín kò bá yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọkọ̀ òfuurufú, físà àti adójútòfò kò sí nínú rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì jáde kúrò nílùú rẹ̀ rí, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní sùn tí wọ́n bá rò pé ó dá wà, nǹkan gidi ni èyí, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò. Ká ní owó ètò jẹ́ dọ́là 1,200 fún ọ̀sẹ̀ 4, dọ́là 300 lọ́sẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ìdílé tó gbà yín sílé, iye tó ń dé ilé ẹ̀kọ́, àti iye tó ń dúró sí ọ́fíìsì. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì ju ti owó lọ: ta ló kọ́ àwọn ọmọ yìí lóṣù tó kọjá, ibo ló sì bá ẹ̀kọ́ dé? Bí wọ́n bá fi ìwé tí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó kúrò kọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ti mọ̀ àti orin tí wọ́n ti kọ́, ẹ ti rí ètò tó ń ro ti ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kọ́ wọn, kíláàsì aláṣọ pupa yẹn náà ni ẹ ń lọ.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ síbí láìfi bò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń rán ènìyàn lọ kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ọmọ òrukàn. Ẹ má lọ. Ní Kàm̀bódíà àti Nẹ̀páàlì, ìwádìí fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ní ìyá tàbí bàbá tó wà láàyè. Owó àlejò ló sọ kíkó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí di òwò níbẹ̀. Ní 2018, Ọsirélíà wo kíkó ọmọ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí owó, ó sì kà á mọ́ ìsọnidẹrú ti òde òní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè wá nǹkan ṣe sí ìpalára tí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ń ṣe nínú àwọn ilé yìí. Yàtọ̀ sí ti owó, ọmọ kékeré tí kò sí lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ máa ń yára so mọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wá di pé lóṣooṣù ni ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ń fi í sílẹ̀. Bó ti wù kí ọkàn yín mọ́ tó, ẹ kò lè lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí ẹ má dá kún un. Ọmọ tó ń padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ lọ kọ́.

Pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ fún ilé àti oúnjẹ

Ìkànnì bíi Workaway ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ènìyàn lọ́dún, ó sì ń so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí yóò gbà á sílé. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ibùsùn àti oúnjẹ. Òun ló dínwó jù fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n “kíkọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì” lórí irú ìkànnì yìí lè túmọ̀ sí ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ pátápátá: ó lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí kò ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ ìdílé kan tó fẹ́ kí ẹni kan máa bá ọmọ wọn méjì sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ òbí tó sì ń fi àlejò ọ̀fẹ́ dípò olùkọ́. Èyí kẹta ni kí ẹ sá fún. Ẹ ka ohun tí àwọn tó ti dé ibẹ̀ kọ, pàápàá àwọn tó dúró pẹ́, kí ẹ sì bi onílé bóyá àwọn òbí ń sanwó fún kíláàsì náà. Kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn yín bí àárín ẹ̀yin àti onílé bá dàrú, nítorí náà ẹ má lọ láìní owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi padà.

Kíkọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ tààrà

Èyí gba sùúrù ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì lè so èso jù wọ́n lọ. Kò sí owó alárinà. Owó ọkọ̀, ilé àti oúnjẹ nìkan ni ẹ ó san, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn á sì wá yàrá fún yín lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà físà wà lọ́rùn yín, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ yín bí a ṣe ń kó ọmọ 40 jọ sójú kan.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ fún wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń wá. Mo ti rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó dáhùn pé òun kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọmọ rárá, pé ohun tí òun ń wá ni ẹni tí yóò máa bá àwọn olùkọ́ òun sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ sílé, nítorí pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń rí èdè náà. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lábẹ́ ètò olówó, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ ra ìrìn-àjò lọ bá àgbàlagbà jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ gbà yín, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn, bí a ṣe ń kà láti 1 dé 10, àti bí a ṣe ń sọ “ẹ kú iṣẹ́” ní èdè wọn kí ẹ tó dé. Ọmọ tó bá gbọ́ tí olùkọ́ ṣi èdè òun pè, tó rẹ́rìn-ín, tó sì tún un ṣe fún un, kò ní tijú mọ́ láti ṣi Gẹ̀ẹ́sì pè.

Ohun tí mo ní láti sọ nípa kíkọ́ni láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀. Ọmọ kékeré kì í lè jókòó pẹ́ níwájú fóònù bí àgbà kan kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kúrò nílé lè bá olùkọ́ òkèèrè ṣètò ẹ̀kọ́, kí ó sì ka ìtàn sínú fóònù ránṣẹ́ fún un.

Ti ìwé ẹ̀rí

Wọn yóò bi yín bóyá ẹ ní ìwé ẹ̀rí. CELTA, ìwé ẹ̀rí kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ti Cambridge, gba ó kéré tán wákàtí 120, wákàtí 6 nínú rẹ̀ sì jẹ́ kíkọ́ni gidi níwájú àwọn tó ń yẹ ènìyàn wò. Ìwé ẹ̀rí tó níyì ni, ṣùgbọ́n kíkọ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ọmọ ọdún 5 ń dúró dè yóò jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá lọ fi ọ̀sẹ̀ 2 jókòó nínú kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nítòsí rẹ̀, kí ó wo bí olùkọ́ ibẹ̀ ṣe ń mú kí àwọn ọmọ dákẹ́ láìpariwo. Àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní kíkọ́ni gidi nínú, wákàtí yòówù kí wọ́n kọ sára ìwé wọn, n kò rò pé ó yẹ kí ẹ náwó púpọ̀ lé wọn.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tó ní ọdún 2 láti fi sílẹ̀, tí ètò ìlú rẹ̀ sì gbà á, kí ó lọ bá àjọ tó ń gbé ìnáwó. Kò sí èyí tó yẹ ọmọ jù bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò rí ara rẹ̀ ní VSO tàbí nínú ilé ẹ̀kọ́ tó kọ̀wé sí fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Yúróòpù tí kò ní owó kankan, European Solidarity Corps ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ní oṣù 1 sí 3, tó ní owó, tí ẹ̀rù sì ń bà láti dá rìn, lè lo ilé-iṣẹ́ olówó ètò, bí ìdáhùn wọn lórí ọmọ òrukàn, físà àti ìwé ẹ̀kọ́ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn; kí ó sì gbà láti ṣe igbákejì. Arìnrìn-àjò tó ti mọ ọ̀nà, tó lè sọ pé rárá, tó sì lówó ìpadàbọ̀ lọ́wọ́, ni pàṣípààrọ̀ yẹ.

Ẹni tó sì jẹ́ pé ó nílò owó oṣù láti gbé, kí ó má pe ara rẹ̀ ní olùyọ̀ǹda. Ètò JET ti Jàpáánù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ń sanwó fún igbákejì olùkọ́ èdè, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oyè yunifásítì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ó ku ẹni tó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 péré. Kí ó lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí ó rí ìlú náà, kí ó jẹun lọ́dọ̀ wọn. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ lóòótọ́, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan iye tí ó ń gba olùkọ́ wọn láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i, kí ó sì san án dípò owó ètò.